Ànàmọ́ Tí Mo Gbé Lọ Gba Ẹnu Bàbá Mi

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé àlá ọ̀sán kì í ṣe àlá, ẹ sún mọ́bí kẹ́ ẹ gbọ́. Mo sùn lánàá, oòrùn ò tíì wọ̀, ìdí ààrò ni mo sì sùn sí, mo lá àlá kan tí ara mi ò tíì balẹ̀ látìgbà tí mo ti jí. Ìyá Múnírù, ẹ fi ẹ̀wà yẹn sílẹ̀ ná, ẹ máa ṣà á tó bá yá. Ọ̀rọ̀ náà kàn yín, mo máa débẹ̀.

Ẹ mọ bí ilé wa ṣe rí látìgbà tí Ìyá mi ti kú. Ẹ̀yin lẹ bá wa sin wọ́n. Bàbá mi tí ẹ mọ̀, tí wọ́n fi gbogbo ọjọ́ ayé wọn wa lọ́rì, tí wọ́n máa ń jẹ iyán tán tí wọ́n á tún bèèrè pé èwo ló kù, ẹnu wọn pa dé. Wọn ò sunkún. Wọn ò bínú sẹ́nì kankan. Wọ́n kàn ń jókòó sórí àga nídìí fèrèsé, wọ́n ń wo ibi tí lọ́rì wọn máa ń dúró sí láyé ọjọ́un. Mo ti ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi pa n'Íbàdàn, mo wálé wá tọ́jú wọn. Mo gúnyán, wọ́n wò ó, wọ́n ní àwọn á jẹ ẹ́ tó bá yá. Mo ro ọkà, ó tutù, ó gbẹ. Ẹ̀kọ gbígbóná nìkan ni wọ́n ń mu, ìyẹn náà, wọ́n ń mu ún kí inú mi lè dùn lásán ni.

Dókítà yẹ̀ wọ́n wò, ó ní àìsàn kankan ò ṣe wọ́n. Ó wá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní tí wọ́n bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, kí n má retí pé wọ́n á rí ọdún tó ń bọ̀. Látọjọ́ yẹn ni ẹ̀rù ti ń bà mí. Mi ò fẹ́ sin ìyá kí n tún sin baba láàárín ọdún kan ṣoṣo.

Ìgbà tó yá ni mo rántí ànàmọ́ Ìyá mi, ọ̀dùnkún tí àwọn ẹlòmíì ń pè é. Ẹ̀yin náà ti jẹ ẹ́ rí. Wọ́n á bo ànàmọ́ mọ́ inú eérú gbígbóná títí tó fi máa rọ̀, wọ́n á là á láyà, wọ́n á fi ṣíbí bu inú ẹ̀ jáde, wọ́n á rún un mọ́ wàrà àti alùbọ́sà àti iyọ̀ díẹ̀, wọ́n á wá kó o padà sínú èèpo ẹ̀. Wọ́n á gbé oyin kaná pẹ̀lú ata gbígbẹ, wọ́n á dà á lé e lórí, wọ́n á tún gbé e sórí ẹyín iná kí wàrà yẹn lè pọ́n. Ọjọ́ tí Bàbá bá ti ìrìn-àjò dé ni wọ́n máa ń sè é. Tí wọ́n bá sì gbé e síwájú Bàbá, Ìyá á kọ́kọ́ bù lára ẹ̀ sẹ́nu. Gbogbo oúnjẹ Bàbá ni wọ́n máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Àwa ọmọ á máa rẹ́rìn-ín, a ní ojú ń kán Ìyá wa, wọn ò lè dúró de tiwọn.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ra wàrà lánàá lọ́wọ́ Díjà, obìnrin Fúlàní tó máa ń kiri kọjá níwájú ilé wa. Oyin ṣì wà nínú ìgò tí Ìyá fi sílẹ̀. Mo bo àwọn ànàmọ́ mọ́ inú eérú, mo sá ata gbígbẹ sórí pẹpẹ lókè ààrò, mo fẹ̀yìn ti ògiri pé kí n dúró dè é. Oorun sì gbé mi lọ.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ni pé ẹnì kan húkọ́ nínú eérú.

"Ẹ jọ̀ọ́," ànàmọ́ tó tóbi jù nínú wọn ní, "ṣé ẹ ti parí ìsìnkú yẹn ni? Ooru ń mú mi."

Mo ní, "Ẹ má bínú. Kì í ṣe ìsìnkú. À ń sun yín ni."

Ó ní, "Kí ni ìyàtọ̀ ẹ̀?"

Mo wú u jáde, mo gbọn eérú ara ẹ̀ nù, mo fi etí ìró mi nu ojú fún un. Ó yẹ kéèyàn bẹ ẹni tí wọ́n bò mọ́lẹ̀ láìkí i.

Ara ẹ̀ balẹ̀ díẹ̀. Ó wá ṣàlàyé fún mi pé gbogbo oúnjẹ tí mò ń sè látọjọ́ yìí, òfo ni, torí pé ẹnu Bàbá ò sí nílé. Ó ní inú ọ́fíìsì kan lókè ló wà. Ó ní ẹni tí ọ̀fọ̀ bá pẹ́ lọ́kàn ẹ̀, wọ́n máa ń bá a gbé ẹnu ẹ̀ pa mọ́ kó má bàa sọnù. Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu lójú mi. Mo yọjú wo yàrá, mo rí Bàbá lórí àga wọn. Lóòótọ́ sì ni, abẹ́ imú wọn tẹ́jú pẹrẹsẹ bí ìdí àwo.

"Báwo ni mo ṣe máa gbà á?"

"Ibẹ̀ lo ti máa dáná," ànàmọ́ ní. "Gbé mi. Gbé wàrà. Gbé oyin àti ata. Má gbàgbé iyọ̀, ìwọ ọmọ yìí, o máa ń gbàgbé iyọ̀."

Mo kó gbogbo wọn sínú àwo, mo gbé e rù. Mo ṣílẹ̀kùn ilé ìdáná, ṣùgbọ́n dípò kí n bọ́ sí àgbàlá, inú lọ́rì Bàbá ni mo bọ́ sí, lọ́rì tí wọ́n ti tà fún àwọn tó ń ra irin àlòkù kí n tó relé ọkọ. Ó ṣì ń run gàárì àti epo. Kí n tó jókòó, wàrà ti sọ̀ kalẹ̀ nínú àwo orí mi, ó ti bọ́ sídìí ọkọ̀, omi ń kán lára ẹ̀ sórí àga, ó ń ṣáná sí i.

Mo ní, "Ẹ rọra wà á o."

Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, pé inú igbó lẹ́yìn màlúù ni òun ti ń bọ̀, kò sí ọ̀nà tó le jù fún òun. Kò sí títì níwájú wa rárá. Èéfín ààrò mi ni ọkọ̀ náà ń gùn lọ sókè, díẹ̀díẹ̀, ó ń mí gúlegúle. Mo wo ìsàlẹ̀, mo rí òrùlé gbogbo yín. Mo rí Ìyá Múnírù tí wọ́n ń sá aṣọ, mo kí wọn, wọn ò dáhùn. Mi ò ka ìyẹn sí àrífín. Ọ̀nà jìn.

Ọ́fíìsì náà léfòó sójú ọ̀run, kò ga ju orí igi máńgòrò lọ. Kò ní ìpìlẹ̀. Okùn kan ni wọ́n fi so ó mọ́ ẹ̀ka igi bí ẹni so ẹran mọ́lẹ̀. Ọmọrí ìkòkò kan ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ó gbéra díẹ̀ nígbà tó rí mi, ooru jáde lábẹ́ ẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ́jú," ó ní. "Ta lẹ wá bá?"

"Mo wá gba ẹnu bàbá mi."

"Ẹ máa wọlé. Ẹ má pariwo, àwọn kan ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn níbẹ̀ ni."

Ẹ̀yin èèyàn, mo ti rìn díẹ̀ láyé, mi ò rí irú yàrá bẹ́ẹ̀ rí. Pẹpẹ ló kún ibẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dókè, àwo tánganran ló wà lórí pẹpẹ, ẹnu èèyàn kọ̀ọ̀kan ló sì wà nínú àwo kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi aṣọ funfun bò wọ́n títí dé ètè. Àwọn kan ń mí kanlẹ̀. Ẹnu ìyá kan wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn tó ń pe orúkọ ọmọ kan ṣáá, kò gbóhùn sókè, kò sì dákẹ́. Mo kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ pẹ̀lẹ́.

Mo dá ti Bàbá mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Eyín iwájú kan kán níbẹ̀, láti ìgbà tí ọkọ̀ dojú dé mọ́ wọn lórí. Ó ń súfèé. Ẹ rántí ìfé yẹn, èyí tí wọ́n máa ń sú tí lọ́rì bá ti dé kọ̀rọ̀ ilé, kí Ìyá lè mọ̀ pé àwọn ti dé. Ẹnu náà á sú u, á dákẹ́, á máa retí. Kò sẹ́ni tó ń dáhùn. Á tún sú u. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú àwo lórí, omijé ń bọ́ lójú mi.

"Ọmọ mi, máa bọ̀ níbí."

Ọ̀gá Àgbà ló pè mí. Ìdí tábìlì gígùn kan ló jókòó sí, ó wọ kóòtù, ó so táì mọ́rùn, ojú ẹ̀ sì láàánú. Àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ jókòó yí i ká, wọ́n ń nu àwo. Mo kúnlẹ̀ kí i.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹnu bàbá mi ni mo wá gbà."

"Ọwọ́ òfìfo ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń mú wá síbí," ó ní. "Ẹnu kì í tẹ̀ lé ọwọ́ òfìfo lọ sílé. Inú mi dùn pé o gbé nǹkan dání. Ó yá, dáná sórí tábìlì mi."

"Tábìlì yín á jó, sà."

"Ìjọba ló ni ín."

Mo to òkúta ààrò mẹ́ta sórí tábìlì, mo dáná. Mo la ànàmọ́ láyà. Kò dùn ún. Ó ní òun ti ń retí ẹ̀ láti àárọ̀. Inú ẹ̀ pọ́n, ó ń gbóná fẹ́lífẹ́lí, mo fi ṣíbí bù ú jáde, mo rún un mọ́ wàrà. Wàrà bẹ̀ mí pé kí n má rún òun kúnná jù, kí òun ṣì lè mọ ara òun níbẹ̀. Mo ṣe é bó ṣe wí. Mo bu iyọ̀ sí i, ànàmọ́ sì mi orí pé mo ti ń kọ́gbọ́n.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tó kan oyin àti ata. Oyin ní òun ni kí n kọ́kọ́ dà, pé òun ni àgbà, torí òun ni wọ́n fi ń kí ọmọ tuntun káàbọ̀ sáyé. Ata ní òun ò jiyàn, ṣùgbọ́n kí oyin dárúkọ ẹnì kan ṣoṣo tó jẹ oyin dé ọjọ́ ogbó tí kò jẹ ata kún un. Oyin ò rí ẹni dárúkọ. Ó kàn ń dà mọ́ ara ẹ̀ nínú ìgò. Mo bẹ àwọn méjèèjì, mo dà wọ́n sínú páànù kan náà, mo gbé wọn kaná pọ̀. Nígbà tí wọ́n hó, ẹnì kankan ò tún sọ̀rọ̀ àgbà mọ́.

Ibi tí mo ti ń rò wọ́n pọ̀ ni mo ti ṣàkíyèsí pé Ọ̀gá ń jẹ táì ẹ̀. Ìsàlẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, ó ń jẹ ẹ́ bọ̀ lókè pẹ̀lú ìfarabalẹ̀. Irùngbọ̀n jáde lágbọ̀n ẹ̀. Ìwo méjì yọ. Kí n tó gbé páànù sọ̀, Ọ̀gá ti di òbúkọ, òbúkọ dúdú tó ní funfun níwájú orí, kóòtù ẹ̀ ṣì wà lọ́rùn. Àwọn òṣìṣẹ́ tó kù ò tilẹ̀ gbójú sókè. Mo rọra bi èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pé ṣé bó ṣe máa ń rí nìyẹn.

Ó ní, "Tó bá ti di ọ̀sán, bẹ́ẹ̀ ni."

Mo tún kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, sà." Bí èèyàn bá di ẹran, ipò ẹ̀ ò tìtorí ẹ̀ yí padà.

Mo da oyin aláta sórí ànàmọ́, mo gbé e padà sórí iná. Wàrà pọ́n lókè, etí ẹ̀ ń hó. Mo gbé e síwájú ẹnu Bàbá, mo kúnlẹ̀, mo dìde, mo fà sẹ́yìn. Ẹnu náà ò súfèé mọ́. Ètè ẹ̀ gbọ̀n díẹ̀. Mo gbàdúrà sínú. Ẹnu náà pa dé gbọin.

"Tọ́ ọ wò," òbúkọ ní.

"Ta ni, sà?"

"Ìwọ tó gbé e wá."

Mo ní, "Ẹ má bínú, sà. Mi ò lè jẹun lójú àlá."

Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ta ni wọn ò kọ́ nínú yín? Ẹni tó bá jẹun lójú oorun, nǹkan burúkú ló jẹ. Ní kékeré, tí mo bá jí tí mo ní mo jẹ àkàrà lójú àlá, Ìyá mi á po omi iyọ̀ fún mi kí n mu ún kí n lè bì, wọ́n á sì dúró tì mí títí màá fi bì í. Mo ti dàgbà, mo ti bímọ, mi ò jẹ kóró ẹ̀pà kan lójú àlá rí. Àní nínú àlá yẹn, mo mọ̀ pé àlá ni, mo sì mọ òfin.

"Àwa náà lófin tiwa," òbúkọ ní. Ohùn ẹ̀ ò le. Ó dà bíi pé ó ń káàánú mi. "Oúnjẹ tí ẹni tó gbé e wá ò bá tọ́ wò, ẹnu kan ò ní ṣí fún un. A sì ti fẹ́ kógbá wọlé. Wo okùn."

Mo wo okùn. Ó ti ń tú níbi tí wọ́n so ó mọ́ igi. Ọ́fíìsì náà ti ń gòkè, orí máńgòrò ti ń kéré.

"Tí ẹ bá lọ ńkọ́, sà?"

"Ẹnu tí wọn ò bá gbà, à ń kó o lọ ni."

Mo wo oúnjẹ. Mo wo ẹnu Bàbá. Mo na ọwọ́, mo ká a kò. Tí mo bá jẹ ẹ́, mo lè má jí. Tí mi ò bá jẹ ẹ́, Bàbá mi á kú sórí àga. Mi ò mọ èyí tí mo fẹ́ mú, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àwọn àwo yẹn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pe Ìyá mi bí ọmọ kékeré.

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí, wọ́n sì wọlé.

Kì í ṣe aṣọ tí a fi sin wọ́n ló wà lára wọn. Ìró tí wọ́n fi máa ń dáná ni, èyí tí iná jó létí, tí mo ti sọ pé mo máa bá wọn lẹ̀ títí mi ò fi lẹ̀ ẹ́. Omi wà lọ́wọ́ wọn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ àwo tán. Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Ìyá."

Wọ́n wo àwo. "Àṣàkẹ́, o da ata sí i jù."

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ nìyẹn.

"Ẹ̀yin náà máa ń dà á jù," mo ní.

"Mo mọ̀. Bàbá ẹ ò yé sọ ọ́."

Wọ́n jókòó síwájú ẹnu Bàbá. Ẹnu náà súfèé, ìfé kọ̀rọ̀ ilé yẹn. Ìyá mi ní, "Mo ti gbọ́ yín. Ẹ káàbọ̀." Lẹ́yìn náà wọ́n bu igun kan lára ànàmọ́, wọ́n gbé e lọ sẹ́nu ara wọn, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Ọwọ́ wọn dúró lágbede méjì. Wọ́n tún gbé e. Ibi kan náà ló tún dúró sí.

"Ọwọ́ mi ò débẹ̀ mọ́," wọ́n ní. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ lọ́dún yẹn pé ojú àwọn ò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe sọ ọ́. Wọ́n wá nà án sí mi.

Ìyá Múnírù, mo rí bẹ́ ẹ ṣe ń di ojú. Èmi náà di ojú. Oúnjẹ lójú àlá, látọwọ́ ẹni tó ti kú! Èwo ló tún kù?

Mo ní, "Ìyá, tí mo bá gbà á, ṣé ẹ̀yin ni mo máa tẹ̀ lé lọ?"

"Níbo lo fẹ́ tẹ̀ lé mi dé? Ta ni á máa dáná fún bàbá ẹ?"

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé n ò gbọdọ̀ jẹ ẹ́."

"Èmi ni," wọ́n ní. "Gbà."

Mo gbà á. Mo fi sẹ́nu. Dídùn ló kọ́kọ́ dé, oyin, lẹ́yìn náà wàrà tó yọ́, lẹ́yìn náà ànàmọ́ fúnra ẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Ìgbẹ̀yìn ni ata dé. Ó gba ọ̀nà ọ̀fun mi lọ, omi bọ́ lójú mi, mo húkọ́, mo húkọ́. Ìyá mi ń wò mí, ojú wọn tutù pẹ̀sẹ̀. Lẹ́yìn wọn, mo rí ètè Bàbá tó ń là. Okùn já.

Mo jí, mò ń húkọ́.

Ata tí mo sá sórí pẹpẹ ló ti já bọ́ sínú iná, èéfín ẹ̀ kún gbogbo ilé ìdáná, òun ló gba ọ̀fun mi. Mo dìde, mò ń nu ojú. Òbúkọ kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, dúdú, ó ní funfun níwájú orí. Téèpù tí mo fi ń wọn aṣọ ló ń jẹ. Ó ti jẹ ẹ́ dé ìdajì, èyí tó kù sì ń fì sísàlẹ̀ lágbọ̀n ẹ̀ bíi táì. Ìyá Múnírù, ẹ má wulẹ̀ jiyàn, òbúkọ yín ni. Mo ti fi téèpù yẹn jìn ín. Ẹ máa gbọ́ ìdí ẹ̀.

Mi ò lé e. Mo wú àwọn ànàmọ́ jáde, wọ́n ti rọ̀ dáadáa. Mo la èyí tó tóbi láyà, mo ní kó má bínú, kò dáhùn. Mo kó wàrà sí i, mo gbé oyin kaná pẹ̀lú ìwọ̀nba ata tó ṣẹ́kù, mo dà á lé e, mo sun ún títí tó fi pọ́n. Mo gbé e lọ bá Bàbá nídìí fèrèsé. Mo kúnlẹ̀, mo gbé e sórí àpótí níwájú wọn.

"Bàbá, ẹ wá jẹun."

"O ṣé," wọ́n ní. Wọn ò wò ó. "Màá jẹ ẹ́ tó bá yá."

Mo dìde bí mo ṣe máa ń dìde. Ọmọ kì í jókòó ti baba ẹ̀ nídìí oúnjẹ, ká má tíì wá sọ pé kó tọwọ́ bọ àwo ẹ̀. Bí Ìyá fúnra wọn ṣe tọ́ mi nìyẹn. Mo rìn dé ẹnu ilẹ̀kùn. Ata yẹn ṣì ń ta mí lọ́fun. Mo dúró. Mo padà wá, mo jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ wọn.

"Ẹ forí jì mí, Bàbá," mo ní. Mo bu igun kan lára ànàmọ́ wọn, mo jẹ ẹ́ lójú wọn.

Mo húkọ́. Bàbá mi gbójú kúrò lójú fèrèsé. Wọ́n wò mí títí tí ojú fi ń tì mí. Mo rò pé wọ́n máa bá mi wí.

"Ata ẹ̀ ti pọ̀ jù," wọ́n ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Bákan náà ni ìyá ẹ." Mo rí i tí ètè wọn ń gbọ̀n. "Látọjọ́ tí mo ti gbé e wọlé, mi ò jẹ oúnjẹ kan nínú ilé yìí tí ẹnu ẹ̀ ò kọ́kọ́ kàn. Ó ní kẹ́nikẹ́ni má bàa rò pé òun fi májèlé sí i. Èmi náà máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀. Àṣé mi ò tilẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ láìsí i níbẹ̀."

Ìgbà yẹn ni wọ́n tó sunkún. Mo di ẹsẹ̀ wọn mú, èmi náà sun tèmi. Nígbà tó yá, wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú wọn, wọ́n fa àpótí oúnjẹ náà mọ́ra.

"Bomi wá," wọ́n ní, "kí n fọwọ́."

Mo sáré jáde. Òbúkọ ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, níwájú ìkòkò omi gan-an, ìyókù téèpù lẹ́nu ẹ̀. Mo kúnlẹ̀ díẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà," mo ní, ó sì yà fún mi kí n bu omi.